Ìyá Tó Wà Nídìí Ẹ̀rọ

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú tí wọ́n fẹ́ dáná sun Faridah ní Ìkòsí, Sẹ̀kínát ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Àílà tán ni, ó ń ká ẹní rẹ̀, ó sì ń ronú bí yóò ṣe gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ọmọ láìjà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Èèyàn dáadáa ni Sẹ̀kínát, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn ládùúgbò. Ṣùgbọ́n ojú èèyàn dáadáa náà máa ń wọ nǹkan oníǹkan, àánú ló kàn máa ń fi bo ojúkòkòrò tirẹ̀.

Ọmọ Ìgbòho ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ẹ̀rọ ìlọta méjì ló sì ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìkòsí ní Kétu. Ọ̀kan wà fún ata, ọ̀kan wà fún ẹ̀wà, ẹni tó bá lọ da ẹ̀wà àkàrà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ata, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi jẹ ìyà rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́rọ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn, torí pé "ìyá" wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè pé ìyá ta ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló lò nílé ọkọ, ọmọ kò sọ níkùn rẹ̀ rí. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn ẹbí ọkọ ní kó máa lọ, ó sì gba Èkó lọ. Bí oníbàárà bá bi í pé àwọn ọmọ ńkọ́, a ní wọ́n wà ní Ìgbòho, wọ́n wà dáadáa. Ó ti pa irọ́ yẹn pẹ́ débi pé kì í tún ronú kó tó pa á.

Orí lọ́rì àlùbọ́sà ni Faridah gbà dé Mile 12. Ará Sudan ni, láti ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Geneina, lápá Dárúfù. Àwọn oníbọn wọ àdúgbò wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n ń ti ilé bọ́ sílé pa ọkùnrin. Wọ́n pa ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà lójú pópó, wọ́n ní kó dúró, ó dúró, wọ́n yìnbọn fún un níbi tó dúró sí. Faridah ní tirẹ̀ pọn ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún méjì, ó sì sá. Ẹ̀kọ́ tó kó bọ̀ láti ilé nìyẹn: bí wọ́n bá ní kí o dúró, sá. Ó fẹsẹ̀ rìn dé Chad, ó wọ Maiduguri, ó sì bá àpò àlùbọ́sà jókòó títí wọ́n fi já a sílẹ̀ lọ́jà, òun àti ọmọ, pẹ̀lú báàgì kan.

Alfa Àbúdù tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní mọ́sáláṣí Ìkòsí ló kọ́kọ́ gbọ́ èdè rẹ̀. Khartoum ni Alfa yìí ti kàwé fún ọdún mẹ́fà kí ogun tó lé òun náà wálé. Ó rí obìnrin náà tó ń sọ Lárúbáwá fáwọn alábàárù, tí wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, ó bá mú un lọ́wọ́ wá sídìí ẹ̀rọ.

"Ìyá Ẹlẹ́rọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà wọ́n sọ́dọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta péré."

Ọjọ́ mẹ́ta di ọdún méjì. Sẹ̀kínát fún wọn ní yàrá inú, òun ń sùn sí pálọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló bá Faridah lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ogun lé nílé kí wọ́n tó fún un ní káàdì, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ní kí wọ́n lọ bọ̀ lọ́la, òun ló máa ń fa ìjà. Ó mú un lọ bá àwọn tó ń ṣa àlùbọ́sà ní Mile 12, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yọ èyí tó ti rà kúrò lára èyí tó dára, ó kọ́ ọ ní "ẹ kú iṣẹ́", ó kọ́ ọ ní "ẹ ṣé" àti "ẹ jọ̀ọ́". Ibẹ̀ ni Yorùbá Faridah mọ. Agbára káká ni ẹnu rẹ̀ fi ń yí èyí tó mọ náà.

Ọmọ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Rasheedat gbọ́ Yorùbá bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ rí, àtèébú àtorin. Faridah a ti jáde lọ sídìí àlùbọ́sà lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kò ní wọlé títí di ìrun Àlááṣárì nírọ̀lẹ́, àwọn ará ọjà kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lójú, Sẹ̀kínát ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń dirun fún un, ẹ̀yìn rẹ̀ lọmọ ń sùn sí nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ké. Ó fún un ní oríkì, ó ń pè é ní Àṣàkẹ́. Ọmọ náà ń pè é ní "Màmá mi". Ìyá tó bí i, Faridah ló ń pè é, torí pé Faridah ni Sẹ̀kínát ń pè é. Kò sẹ́ni tó tọ́ ọ sọ́nà. Ní ilé wa, ẹni tó ń bọ́ ọmọ lọmọ ń pè ní ìyá, ẹni tó bí i kì í sì í bínú.

Gbogbo abiyamọ Èkó ló ń kọ́ ọmọ ní ohun kan kí ọmọ má baà sọnù, Sẹ̀kínát náà sì kọ́ Rasheedat. Ní àárọ̀, níbi tó ti ń fi òróró pa á lára, a bi í pé:

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Rasheedat Àṣàkẹ́."

"Ta ni màmá ẹ?"

"Màmá mi ni Ìyá Ẹlẹ́rọ."

"Níbo lẹ̀ ń gbé?"

"Ìdí ẹ̀rọ ata, ọjà Ìkòsí."

Alfa Àbúdù gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, kò dùn mọ́ ọn. "Ẹ fi orúkọ ìyá ẹ̀ sí i, Ìyá Ẹlẹ́rọ."

"Alfa, ta ló mọ Faridah ní Kétu? Bọ́mọ bá sọnù, tó ń pe Faridah, Faridah, ibo ni wọ́n máa mú un lọ?"

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ìdáhùn kejì yẹn dùn létí Sẹ̀kínát ju oyin lọ, nígbà mìíràn ó máa ń béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá di ọjọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tí à ń sọ yìí, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kan bá Faridah wá iṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ògùdù. Yóò máa se oúnjẹ fáwọn ọmọ, wọn yóò fún un ní yàrá nínú ọgbà, ọmọ rẹ̀ yóò sì ka ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Inú Alfa dùn. Láti ẹnu Alfa, Sẹ̀kínát ní kí Faridah máa lọ, kó fi ọmọ sílẹ̀ fún òun di ìparí táàmù. Faridah mi orí pé rárá. Ó ní kó fi í sílẹ̀ di ọdún iléyá. Faridah tún mi orí, ó sì di ọwọ́ Sẹ̀kínát mú, ó ń sunkún, ó ń ní "ẹ ṣé, ẹ ṣé". Sẹ̀kínát fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Láti ìgbà náà, kò bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí Faridah kò fi lọ sídìí àlùbọ́sà lọ́jọ́ Ọjọ́rú náà, tó sì yan àsìkò ìrun Àílà láti lọ. Kò fẹ́ kí wọ́n fa ọmọ mọ́ra wọn lọ́wọ́ lójú ọjà. Ó ti rán Alfa pé kó bá òun dúpẹ́, pé gbogbo Jímọ̀ lòun yóò máa mú ọmọ wá. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó fa ọmọ lọ́wọ́, wọ́n gba ẹ̀yìn jáde.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ìsọ̀ Súmbọ̀ tó ń ta mínírà, Rasheedat rí i pé àwọn kò ní padà sílé, ló bá gbé ara rẹ̀ ṣánlẹ̀. Ó ń yí nínú eruku, ó ń ké pé màmá òun lòun fẹ́. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ní Lárúbáwá, kò gbọ́. Ó fà á dìde, ọmọ tún ṣubú lulẹ̀. Súmbọ̀ jáde.

"Aunty, kí ló ṣe ọmọ yẹn?"

"Ẹ ṣé," ni Faridah dá a lóhùn. "Ẹ ṣé, ẹ ṣé."

Súmbọ̀ wò ó tẹsẹ̀torí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ. "Má sunkún mọ́, jọ̀ọ́. Ta ni màmá ẹ?"

"Màmá mi ni Ìyá Ẹlẹ́rọ. Ìdí ẹ̀rọ ata, ọjà Ìkòsí."

"Eléyìí wá ńkọ́?"

"Faridah ni."

Ká sòótọ́, ta ni kò ní pariwo? Súmbọ̀ figbe ta: "Gbọ́mọgbọ́mọ! Ẹ gbà mí o, gbọ́mọgbọ́mọ rèé o!" Àwọn ọkùnrin yọ láti gbogbo ìsọ̀, wọ́n ń kígbe pé "Dúró! Dúró níbẹ̀!" Faridah kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn yẹn. Ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó ju báàgì nù, ó sì sá. Ní Èkó, ẹni tí wọ́n ń lé tó bá sá, ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ìyẹn ni Sẹ̀kínát kò kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ èèyàn ní irú rẹ̀. A mọ̀ ọ́n láti kékeré ni.

Wọn kò jẹ́ kó dé ìkòríta. Ẹnì kan fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, ó ṣubú ṣùgbọ́n kò fi ọmọ sílẹ̀, ó ká ara rẹ̀ lé e lórí. Wọ́n ní ṣe ló fẹ́ fún un lọ́rùn pa. Láti já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi pákó lu apá rẹ̀ títí egungun fi dún.

Oníbàárà kan ló sáré wá sídìí ẹ̀rọ. "Ìyá Ẹlẹ́rọ! Wọ́n ti mú ẹni tó jí ọmọ yín! Ó kù díẹ̀ kó gbé e sọdá Kétu!"

Sẹ̀kínát wo yàrá inú, kò rí ẹnì kankan, kò rí báàgì, ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó sáré jáde láìwọ bàtà. Inú bí i lójú ọ̀nà, ó ń ṣẹ́ èpè fún Faridah bó ṣe ń sáré: abaramóorejẹ, ẹni tó fẹ́ sá lọ láìdágbére. Ó dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìbínú yẹn lọ́kàn.

Èrò ti pọ̀ bí eéṣú. "Màmá ọmọ ti dé! Ẹ yà fún wọn!" Wọ́n là fún un. Ẹnì kan gbé Rasheedat lé e lọ́wọ́, ọmọ náà di ọrùn rẹ̀ mú, ó ń gbọ̀n, ó ń sọ ọ́ létí pé "Màmá mi, Màmá mi."

Faridah wà nílẹ̀. Aṣọ ìborùn gígùn tó fi ń bo ara ti ya, ó ti di àkísà ẹlẹ́jẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Apá rẹ̀ ọ̀tún ti yí sí ibi tí apá kì í yí sí. Rahmon tó ń fọn taya, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà níwájú níbẹ̀, ti gbé taya kan kọ́ ọ lọ́rùn, ó sì mú gálọ́ọ̀nù epo pẹtiróòlù dání. Ó ti dà á sí i lára, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ojú títì. Ọmọlúwàbí ni Rahmon yìí o. Òun ló ń bá Sẹ̀kínát wo taya kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

"Mummy, ẹ wò ó dáadáa," ni Rahmon wí. "Ẹ̀yin la ń dúró dè. Ṣé ọmọ yín nìyí?"

Gbogbo ariwo rọlẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá.

Sẹ̀kínát la ẹnu, ohùn kò jáde. Ẹ má sọ pé ẹ̀rù ni. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń gbóná, ó wúwo. Kò ní í purọ́ kankan. Kò ní í gbé òkúta, kò ní í ṣáná. Kí ó ṣáà dákẹ́ ni. Ó rí yàrá inú, ó rí aṣọ iléèwé, ó rí ara rẹ̀ ní Ìgbòho tó ń fa ọmọ lọ́wọ́ kọjá lójú àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀. Faridah gbé orí sókè láti inú taya, ojú rẹ̀ bá ojú Sẹ̀kínát, ó sì tújú ká bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́," ló sọ, kedere, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Sẹ̀kínát dákẹ́. Kò pẹ́ ju kí èèyàn ka súrà kúkúrú bíi Kúlíúwà tán.

Ọkùnrin kan lẹ́yìn kò ní sùúrù. Sẹ̀kínát rí ọwọ́ rẹ̀ tó gòkè, ó rí àbọ̀ búlọ́ọ̀kù nínú ọwọ́ náà, ó rí i nígbà tó kúrò lọ́wọ́. Ó ba Faridah lójú. Ìró rẹ̀ kò dún tó bí èèyàn ṣe rò pé yóò dún. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn bo gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní èdè rẹ̀.

"Èmi kọ́!" Sẹ̀kínát wá rí ohùn. "Èmi kọ́ ni mo bí i! Ìyá ẹ̀ lẹ ń lù yẹn! Ìyá ẹ̀ ni!"

"Mummy, ẹ calm down," ni Rahmon wí. "Wọ́n ti fi nǹkan kàn yín lára ni. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n á gba ọpọlọ èèyàn. Ọmọ ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ẹ̀yin ni."

"Èmi ni mo kọ́ ọ! Èmi ni mo ní kó máa sọ bẹ́ẹ̀!"

"Màmá mi ni," ni Rasheedat wí lọ́rùn rẹ̀, ó ń sunkún. "Màmá mi ni."

"Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ jẹ́ ká sun ún jàre!"

"Mi ò bímọ rí!" Sẹ̀kínát pariwo rẹ̀ débi tí ohùn rẹ̀ fi ya. "Ẹ gbọ́ mi o! Kò sí ọmọ kankan ní Ìgbòho! Àgàn ni mí! Àgàn ni Ìyá Ẹlẹ́rọ!"

Ohun tó fi pa mọ́ láti ọjọ́ tó ti dé Ìkòsí nìyẹn, ó dà á sílẹ̀ lójú títì, níwájú àwọn tó ń lọta lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò gbà wọ́n là. Àfi bí ẹni da epo sí iná, ẹnì kan láàárín èrò ké pé, "Ṣé ẹ gbọ́? Àwọn tí ò rọ́mọ bí ló ń ra ọmọ! Wọ́n jọ ń ṣe é ni! Ẹgbẹ́ ni wọ́n!"

Pákó àkọ́kọ́ ba á ní èjìká. Ìkejì ba á lẹ́yìn. Ó ju ọmọ sí Súmbọ̀ lọ́wọ́, ó sì lọ dùbúlẹ̀ lé Faridah lórí, ó fi gbogbo ara bò ó, taya ń gún un láyà, epo ń wọ aṣọ rẹ̀. Wọ́n lù ú níbẹ̀. Ó ń gbọ́ èémí obìnrin náà lábẹ́ rẹ̀, tó ń dún bí ìgbà tí omi bá wọ ẹ̀rọ. "Ẹ sun wá pọ̀," ló ń wí. "Ó yá, ẹ sun wá pọ̀." Rahmon ti yọ láítà.

Súmbọ̀ ló gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fi ọwọ́ kan gbé ọmọ, ó fi eyín di ọwọ́ Rahmon mú títí láítà fi já bọ́. "Rahmon! Ìyá Ẹlẹ́rọ nìyẹn! Ìyá Ẹlẹ́rọ lo fẹ́ sun! Ṣé orí ẹ pé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé àánú ni, tàbí pé wọ́n ti gbà pé Faridah ló bímọ. Ẹni tí wọ́n mọ̀ ló sùn lórí ẹni tí wọn kò mọ̀, wọn kò sì mọ bí wọ́n ṣe máa jó ọ̀kan láìjó èkejì. Nígbà tí Alfa Àbúdù àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde láti mọ́sáláṣí sáré dé, tí Alfa ń ké pé òun ló mú obìnrin náà wá, pé òun mọ ìyá, òun mọ ọmọ, kò sí ẹni tó lu ẹnikẹ́ni mọ́. Rahmon fúnra rẹ̀ ló bá wọn gbé Faridah sínú ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ń sọ pé, "Ta ló ju búlọ́ọ̀kù yẹn? Ta lẹni tó jù ú?"

Ọjọ́ kẹrin ni àwọn dókítà tó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Sẹ̀kínát fi aṣọ so èjìká rẹ̀ kọ́ ọrùn, Rasheedat di ìró rẹ̀ mú lẹ́yìn, Alfa ṣáájú wọn. Wọ́n ti tún egungun apá Faridah tò. Wọ́n ti yọ ojú òsì rẹ̀ kúrò, wọ́n fi báńdéèjì bò ó. Ó na ọwọ́ tó ṣì dára sí ọmọ, ọmọ náà wò ó, ó sá wọ ẹ̀yìn Sẹ̀kínát. Faridah gbé ọwọ́ náà padà sórí ibùsùn. Ó bá Alfa sọ̀rọ̀ díẹ̀.

"Ó ní Ọlọ́run á san án fún yín," ni Alfa wí. "Ó ní bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, eérú ni wọn ì bá kó. Àwọn ará Ògùdù ti ní iṣẹ́ yẹn kò lè dúró dè é mọ́. Ó ní kí ọmọ máa wà lọ́dọ̀ yín, ó ní kó pẹ́ bó bá ṣe fẹ́ pẹ́."

Ohun tí Sẹ̀kínát ti ń tọrọ láti ọjọ́ Mọ́ńdè nìyẹn. Wọ́n gbé e fún un lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tún fi àdúrà sí i. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí.

"Alfa, ẹ bá mi sọ fún un pé mo dákẹ́."

"Ẹ dákẹ́ kẹ̀? Báwo?"

"Wọ́n bi mí bóyá ọmọ mi ni. Mo mọ èsì, mi ò fọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n máa pa á lọ, kí n lè mú ọmọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n ju òkúta. Ẹ sọ fún un pé mo rí òkúta náà kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú."

Alfa rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Ẹlẹ́rọ, obìnrin yìí ń jẹ̀rora. Kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ẹ sọ ọ́."

Alfa sọ ọ́. Kò gùn ní Lárúbáwá. Faridah kò ké, kò yí ojú padà. Ojú kan tó ṣẹ́kù fún un ló fi ń wo Sẹ̀kínát láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí Alfa parí, ó fọhùn jẹ́jẹ́, Alfa sì tẹ orí ba kó tó túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní òun mọ̀. Ó ní ojú yín lòun ń wò nígbà tí òkúta náà ń bọ̀."

Sẹ̀kínát jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. "Kí ló wá dé? Ẹ bi í, Alfa. Bó bá mọ̀, kí ló dé tó tún fi ń fún mi lọ́mọ?"

Alfa bi í. Faridah ti pa ojú rẹ̀ dé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ló sọ.

"Ó ní ta ni òun tún mọ̀ ní Èkó?"